Agolo Mẹ́ta

Ní Gyumri, níbi tí òtútù ti ń bu ènìyàn létí jẹ,
Zabel ti jí kí àkùkọ tó ronú àtikọ.
Ihò ààrò tí ìyá rẹ̀ gbẹ́ sínú ilẹ̀ ló jogún,
òun àti àpò ìyẹ̀fun mẹ́ta tó rà láwìn,
àti ojú tí kì í tètè sunkún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tó gbà mí síṣẹ́.
Ó ní, "Tatul, o mọ ìṣirò, ọwọ́ rẹ sì mọ́. Wá jókòó."
Agolo mẹ́ta ló tò sórí pẹpẹ:
èyí tó ní àwòrán ẹja, owó ìyẹ̀fun àti igi ìdáná;
èyí tó ti dógùn-ún, owó iṣẹ́ mi;
èyí pupa kékeré tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa,
tirẹ̀ nìyẹn.
"Owó tó wọlé kì í ṣe èrè," ló máa ń wí,
"àlejò ni. Bi í léèrè ibi tó ń lọ
kí o tó fún un ní àga."

Mo kọ gbèsè sínú ìwé aláwọ̀ ewé.
Olùkọ́ Arshak, búrẹ́dì mẹ́rin, ìparí oṣù.
Ìyá ìbejì òkè ọ̀nà, méjì, Ọlọ́run ló mọ ìgbà.
Mo ní ká dẹ́kun àwìn.
Ó ní, "Ẹni tí kò rí owó rẹ san á máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.
Gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè máa rí ojú rẹ."

Lẹ́yìn náà ni ilé ìtajà ńlá ṣí nítòsí ibùdó reluwé,
wọ́n ń ta búrẹ́dì inú ọ̀rá ní ìdajì iye tiwa.
Mo ní ká já owó lulẹ̀.
Zabel mú pẹ́ńsù, ó ṣírò títí àtùpà fi rẹjú:
ìyẹ̀fun, igi, iyọ̀, èmi.
Ó ní, "Bí a bá bá wọn dé ìsàlẹ̀ yẹn,
àwọn ní àkàbà tí wọ́n á fi gùn padà. Àwa ń kọ́?"
Kò dín dírámù kan kù.
Ó kàn ń tètè jí sí i,
kí búrẹ́dì lè gbóná lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ní aago márùn-ún.

Ọdún yẹn náà ni Mesrop kó ìyẹ̀fun tó ti bu wá.
A kò mọ̀. A yan án, a tà á.
Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìkorò ti dé ahọ́n àdúgbò.
Zabel kó agolo ẹja sábẹ́ apá, èmi gbé ìwé,
a ń kan ilẹ̀kùn nínú yìnyín, láti ilé dé ilé:
"Owó yín rèé. Búrẹ́dì wa kò dáa lónìí."
Àwọn kan kọ̀ ọ́.
Àwọn kan gbà á, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé gbàà.
Hripsime arúgbó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó wá bi wá pé, aago mélòó lẹ máa ṣí lọ́la?

Ní ìparí oṣù, owó iṣẹ́ mi pé.
N kò béèrè. Ọmọdé ni mí, mo ra bàtà.

Ọdún kẹrin, nígbà tí a ti gbẹ́ ihò kejì,
tí a ti di mẹ́fà nídìí iṣẹ́,
mo ń nu pẹpẹ, agolo pupa já bọ́.
Kò sí nǹkan nínú rẹ̀
àfi ìwé pélébé kan, ìkọ̀wé rẹ̀:
Oṣù ìyẹ̀fun bíbu. Owó Tatul. Mo yá a lọ́wọ́ ara mi.

Ní Vanadzor ni mo ti ń tún aago ṣe báyìí,
agolo mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ tèmi náà.
Mo fi owó oṣù yẹn ránṣẹ́ sí i, mo fi èlé lé e.
Ó dá a padà, ó fi búrẹ́dì wé e:
"Ìwọ lo kọ ìwé gbèsè.
Ṣé o rí orúkọ rẹ níbẹ̀?"